Ẹjọ́ Ayélujára Tí Ẹ Ní Ká Rù Wá Lórí Bébà

Ilé Iṣẹ́ Túnrìn,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Àtijọ́,
Òpópónà Oníbàtà.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Parí Aáwọ̀ Orúkọ Ìkànnì,
Òpópónà Kóòtù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀SÙNKÀN LÓRÍ BÍ Ẹ ṢE SỌ ÌFẸJỌ́SÙN ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ DI BÉBÀ PADÀ

1. Èmi ni mo ń bójú tó ilé iṣẹ́ tí bàbá mi dá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá là ń ṣe fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Túnrìn là ń jẹ́, lójúde àti lórí ayélujára. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti lọ gba orúkọ ìkànnì tó jọ tiwa bí ìbejì, ó kó àwòrán bàbá mi síbẹ̀, ó sì ń ta ẹsẹ̀ fún ẹni tí kò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

2. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kéde pé ayé bébà ti kásẹ̀ ńlẹ̀, pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹjọ́ yóò máa gbà wọlé. Mo gbà yín gbọ́, mo fi tiwa ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ fi dá mi lóhùn, pé kí n tẹ ohun tí mo fi ránṣẹ́ jáde, kí n buwọ́ lu ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí n sì gbé e wá.

3. Mo gbé e wá. Yàrá tí ẹ kọ Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà sí lẹ́nu ọ̀nà kún fún fáìlì dé ojú fèrèsé. Mo bi akọ̀wé yín pé kí lẹ fẹ́ fi bébà ṣe. Ó ní kí n má bínú, pé ẹ fẹ́ yà á sínú kọ̀ǹpútà ni. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó tún ní ẹ kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà àfi tí ìwé bá tẹ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ nílé rẹ̀. Mo lọ wo àdírẹ́sì tí olùjẹ́jọ́ náà fi gba orúkọ ìkànnì: ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Ẹni tí kò nílé lẹ ń wá ilẹ̀kùn rẹ̀ kàn.

4. Níbi tí ẹ ti ń wá ilẹ̀kùn, tíṣà obìnrin kan, oníbàárà wa àtijọ́, ra ẹsẹ̀ tuntun lórí ìkànnì ayédèrú náà. Ẹsẹ̀ náà kán mọ́ ọn lára lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé, eegun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà wá bá bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin la fọkàn tán." Bàbá mi ní òun kọ́ ló ṣe é. Ọkùnrin náà kò gbà. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́.

5. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí. Olè náà kò buwọ́ lu ojú ewé kankan kó tó gba orúkọ wa, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó gbé ara rẹ̀ wá.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ gba ẹjọ́ wa bí a ṣe fi ránṣẹ́, ẹ fi ímeèlì tí olè náà fi ń tajà pè é lẹ́jọ́, kí ẹ sì ti ìkànnì náà pa títí ẹ ó fi dájọ́. Láàárọ̀ yìí, ìyá kan pè wá. Ó ní ẹsẹ̀ tí òun rà fún ọmọbìnrin òun lọ́wọ́ Túnrìn ti dé, ó ń béèrè bóyá ó yẹ kó máa dún. Mo ní kó tètè bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ó ní ọmọ náà ti wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń dúró,

Ọmọ Oníṣẹ́-Ẹsẹ̀,
Alábòójútó, Ilé Iṣẹ́ Túnrìn.