Iye Àwọn Tí Mò Ń Gbọ́ Bùkátà Wọn

Ìyá Junaid mi,

Ṣé tàtàṣé ń wọlé dáadáa ní Mile 12? Ara mi le. Òtútù Amẹ́ríkà ti mọ́ mi lára, mo sì ti mọ ìrẹsì sè.

Lánàá, mo lọ kọ fọ́ọ̀mù owó-orí ní iléèwé wa. Ọmọbìnrin tó ń bá wa kọ ọ́ béèrè iye àwọn tí mò ń gbọ́ bùkátà wọn. Mo ka gbogbo yín fún un: ìwọ, Mọ́mì, Junaid, Mutolib àbúrò rẹ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dárúkọ Aliyah mọ́ ọn. Ó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lò láyé lọ́dún tó kọjá, àti pé orí fóònù ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ó ní nínú òfin àwọn, bí ọmọ bá lo ọjọ́ kan ṣoṣo láyé, odindi ọdún ni wọ́n ń kà á sí fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo físà mi, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá bíi tèmi ò lè kọ orúkọ ẹnì kankan. Ó kọ òdo síbẹ̀. Mo buwọ́ lù ú, mo sì lọ sí kíláàsì.

Má ro tèmi rárá. Mo ń jẹun.

Bá mi kí Mọ́mì, kí o kí Junaid àti Mutolib. Tó o bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n sin Aliyah sí kọjá, bá mi kí òun náà.

Nojeem rẹ