Ibi Tí Ìyá Saúdá Gbé Ọwọ́ Lé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ kì í sinmi rẹ̀ lórí mi. Mo kúnlẹ̀ kí Bàámi. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé láti orí ìyálé dé orí ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Àbẹ̀ní àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, jọ̀ọ́, má kà á sétí Màámi nínú yàrá. Gbé àpótí lọ sábẹ́ igi ọ̀dán níta, kí o sì ké sókè kí gbogbo ilé gbọ́. N ó sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná ní ẹsẹ̀ òkè Màpó nìyí, kí oòrùn tó yọ. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń fi ìrépé aṣọ so sálúbàtà rẹ̀ tó já mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Mo rí obìnrin méjì tí wọ́n pín ẹ̀kọ kan, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí tirẹ̀ tóbi jù. Mo rí Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wò bóyá ó wú. Mo rí gèlè funfun tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ ṣẹ́tí, gbogbo rẹ̀ ti di aláwọ̀ osùn nítorí ẹrẹ̀ ọjọ́ méjì. Mo rí Ìyá Saúdá lẹ́yìn ògiri, tó ń tún kọ́mú rẹ̀ ṣe, tó ń pariwo pé kí àwa tó ní méjì má dá òun dúró, ẹrù tòun ló fúyẹ́ jù.

Àwa obìnrin wọ̀nyí ti rìn fún ọjọ́ méjì nígbà náà, ó ku ọjọ́ kan. Nítorí jẹjẹrẹ ọmú ni a ṣe ń rìn.

Ìdí tí mo fi ní kí Àbẹ̀ní kà á síta ni pé ìta lẹ ti sọ tiyín, Màámi. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, nígbà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi wá sí Ìbàdàn kí wọ́n wo kókó tó wà ní ọmú yín òsì, abẹ́ igi ọ̀dán yẹn náà lẹ ti dá mi lóhùn. Ẹ ní ẹ mọ iṣẹ́ àwọn dókítà, wọn ó gé e ni. Ẹ ní tí wọ́n bá gé e, kí ni ẹ ó dì mú lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá ń rìnrìn àjò? Kí ni ẹ ó fi ṣúre? Ìyá Àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìyàwó ilé mi orí, èmi náà sì dákẹ́, nítorí mi ò ní èsì. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ń bọ̀ níbí, ẹ pè mí wọ yàrá, ẹ ká búbá yín sókè, ẹ di ọmú mú, ẹ ní ọmú tí mo mu lára yín kò ní jẹ́ kí n ṣìnà, kò sì ní jẹ́ kí n ráre. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń borí sùn ní ìlú yìí. Ta ni mí tí n ó fi sọ pé kò já mọ́ nǹkan?

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fọlá ní Àrẹ̀mọ ni mo ṣì wà. Ọwọ́ mi ti yá nídìí ìránṣọ, èmi ni wọ́n ń fún ní aṣọ gé báyìí. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tí àwọn yòókù gba ilé ìyá wọn lọ, èmi nìkan ló ń kù pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ. Ìlú kún, òrùlé kan òrùlé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán nílé kejì, mo ń gbọ́ ẹni tó ń na ọmọ àti ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan tó mọ̀ pé Àjọkẹ́ ni oríkì mi. Múní ni wọ́n ń pè mí.

Ìyá Saúdá ló kọ́kọ́ bèèrè. Kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Ọjà'ba, ilé ọkọ rẹ̀ sì wà ní Bẹyẹrúnkà. Ó wá bá wa lọ́jọ́ kan pé kí a fi òwú ki apá kan kọ́mú òun. Àǹtí ní kí n wọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe na téèpù yí i láyà, ọwọ́ mi dúró. Apá òsì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa wọ̀n lọ jàre, ohun tó ń bu èèyàn jẹ níbẹ̀ ni wọ́n ti gé dànù. Ó bèèrè orúkọ mi, mo sọ. Ó ní ìyẹn dára fún ìwé, kí ni ìyá mi ń pè mí? Bí mo ṣe ní Àjọkẹ́, omi bọ́ lójú mi. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó kàn ní kí Àjọkẹ́ wọ̀n ọ́n dáadáa, kí ọ̀kan má ga ju ìkejì lọ, nítorí àwọn orogún òun lójú.

Òun àti Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kó àwọn obìnrin jọ. Àwọn kan nínú wọn ti ní àìsàn náà rí, àwọn kan ti fi sin ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, àwọn kan kàn jẹ́ ọ̀rẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ó fi rìn yí ìlú àtijọ́ ká láti agbo ilé dé agbo ilé, kí àwọn lè kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wọn wò, kí àwọn sì gbé ike ìdáwó kan lọ́wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn tí kò lágbára ìtọ́jú lọ́wọ́. Àwa la ṣe gèlè wọn. Nígbà tí mo ṣẹ́tí èyí tó kẹ́yìn tán, mo wé e wò níwájú dígí. Àǹtí ní kí n má tú u mọ́, kí n máa bá wọn lọ, oníbàárà kan kò ní rìn níhòòhò nítorí ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ kìíní, Ọjà'ba ni a gbà bọ́ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Epo mọ́tò wọ́n lásìkò yìí, gbogbo ayé ló ń fẹsẹ̀ rìn, torí náà kò sí ẹni tó kọ́kọ́ kà wá sí. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bèèrè pé ṣé àwa náà ò rí mọ́tò wọ̀ ni. Ìyá Saúdá ní a ò wá mọ́tò. Ó ní níbo wá là ń lọ? Ìyá Saúdá ní a ti dé ibẹ̀, iwájú ilé rẹ̀ náà ni. Ọkùnrin náà ní háà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo mọ́. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ kó wá wo àwọn obìnrin tó ń rìn láìlọ síbì kan. Ìyàwó náà jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó fẹ́ wá fi wá rẹ́rìn-ín. Òun ló dúró gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa títí, òun náà ló mú wa wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn yòókù.

Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń wẹ̀, ni Ìyá Saúdá ti mọ̀ ọ́n sọ jù. Ó ní tí wọ́n bá ń wẹ̀, kí wọ́n ju kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ sí ọwọ́ lásán, kí ọwọ́ rọra yí ọmú ká títí dé abíyá, nítorí kàn-ìn-kàn-ìn kò mọ kókó yàtọ̀ sí ara. Obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ dá a lóhùn pé ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń ta kàn-ìn-kàn-ìn ló ní ká má fi wẹ̀, àbí ọjà ti sú u ni? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó wá ní òótọ́ ni, èyí tó dára jù lórí àtẹ ni òun fi ń wẹ̀, ó ń hó, ó ń dán, kókó sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń dàgbà, òun kò mọ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó rọra ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Ọjọ́ kejì, a kọjá Bẹẹrẹ, òjò sì ká wa mọ́ Ọ̀rányàn. A sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Bàbá onílé jókòó sínú, ó ń wo gèlè wa. Nígbà tó yá, ó bèèrè pé ṣé àwọn tó ń rìn nítorí àìsàn ọmú nìyí. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìyàwó òun ń fi aṣọ dì í mọ́ra kí òun má baà rí i, òórùn ló padà sọ fún òun. Ó ní à bá ti wá nígbà náà. Nígbà tí òjò dá, ó gba garawa omi mímu wa lórí ìyá arúgbó tó wà láàárín wa, ó sì sìn wá dé òpin àdúgbò náà nínú ẹrẹ̀, ẹ̀yìn ló ń tọ̀. Màámi, kì í ṣe láti dẹ́rù bà yín ni mo ṣe kọ èyí. Mo kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé Bàámi wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ tiyín fún Màmá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ẹni tó lè jókòó sí Ìbàdàn kó mọ ohun tó wà ní àyà ẹni tó wà ní Òkèehò. Ẹ ní láti wá ni.

Ọ̀sán àná la wá dé Bẹyẹrúnkà, agbo ilé ọkọ Ìyá Saúdá. Wọ́n ti bu omi tútù dè wá. Saúdá ọmọ rẹ̀ ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Kàdúná lọ́jọ́ náà, ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń dúró dè. Àwọn ọkùnrin bọ́ síta. Saúdá kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ Ìyá Saúdá wà lórí ẹní, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní ọmọ ti kúnlẹ̀, ìyá ọmọ ti dé, kí ni a ó wá dì mú fún un báyìí? Ó ní láyé tiwọn, ìyá kì í fi àyà òfìfo sin ọmọ sọ́nà.

Màámi, ọ̀rọ̀ yín ni. Ọ̀rọ̀ yín gan-an, láti ẹnu ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ mi tó ti ń dùn mí láti àárọ̀, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá Saúdá kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí, ó ká búbá sókè, ó yọ òwú tí mo rán fún un, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wa rò pé ọ̀kan tó kù ni yóò dì mú. Kò dì í mú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú àpá. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni Saúdá fẹ́ràn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, a máa kọ ìkejì. Ó ní wàrà tó mu níbẹ̀ ti di eegun lára rẹ̀, kò sí abẹ tó lè dé ibẹ̀ lọ gé e. Ó ní ojú ibí yìí ni ikú ti bá òun jà, tó sì lọ lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá dojú kọ ọmọ òun lọ́nà yóò ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní ká ní òun ò jẹ́ kí wọ́n gé e ni, ta ni Saúdá ì bá kúnlẹ̀ fún lónìí? Ó ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire, kó sì bá òun nílé.

Àwọn obìnrin ṣe àmín, ilé mì. Arúgbó yẹn kò ṣe àmín. Ó ń wo àpá náà bí ẹni tí kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ó wá na ọwọ́, ó fa búbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ bọ̀ sílẹ̀ fún un, ó ní kó bo ara, atẹ́gùn ń fẹ́.

Àwọn kan nínú wa kúnlẹ̀ pé kí Ìyá Saúdá ṣúre fún àwọn náà. Ó nawọ́ sí mi, ó ní Àjọkẹ́ ńkọ́? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo ní ìyá, mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ tèmi pamọ́ dè wọ́n. Ó ní òun kí yín, kí n sọ fún yín pé òun yóò bá yín wọlé dókítà tí ẹ bá fẹ́, òun mọ ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà la gun òkè Màpó níkẹyìn. Ẹrẹ̀ ń yọ̀, a di ara wa lọ́wọ́ mú. Ìyá arúgbó tó so sálúbàtà láàárọ̀ ti bọ́ ọ, ó gbé e lé orí, ẹsẹ̀ lásán ló fi gòkè, ó sì ṣáájú wa dé. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ dè wá lókè. A kàn jókòó, a ń wo ìlú. Mo yangàn pé mo wà láàárín wọn.

Èsì mi nìyí, Màámi, ó pẹ́ kí n tó rí i. Mi ò sọ pé wọn ó gé e, mi ò sì sọ pé wọn ò ní gé e. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá tó bá wà láàyè kò ní ṣàìrí ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé. Ẹ bá dẹ́rẹ́bà tó mú ìwé yìí wá bọ̀, mo ti bá a parí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yín. N ó wà ní gáréèjì láti àárọ̀ ọjọ́ tó bá ń padà bọ̀. Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àpò wọn dé ìdí mọ́tò. Ìyá Àgbà, ẹ̀yin lẹ mi orí níjọ́sí. Tí ẹ bá tún mi orí lónìí pé kí wọ́n máa bọ̀, mo mọ̀ pé Màámi yóò dìde.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí dè mí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lábẹ́ igi náà. Kí ibùjókòó ẹnì kankan nínú yín má ṣófo. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè, ẹ bá mi kí àwọn tó ń bèèrè mi àti àwọn tí kò bèèrè.

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ lálẹ́ àná kí n tó dùbúlẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti so kàn-ìn-kàn-ìn kọ́ sára ògiri, tí mo sì fi ọwọ́ lásán àti ọṣẹ wẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí dé abíyá.

Èmi ni ọmọ yín,
Múnírátù Àjọkẹ́