Abo Tòlótòló Onírùngbọ̀n

Lyndell ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ṣé ara yín le? Ara tèmi le, àfi eékún tó ń dùn mí. Inú mi ni kò dùn.

O bèèrè lórí fóònù ìdí tí mi ò fi gbé ẹran tòlótòló inú igbó tó o pa wá síbi ọjọ́ ìbí Loretta àbúrò rẹ. Mo ní ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa.

O mọ̀ pé abo ni. Orí rẹ̀ kò pọ́n bíi ti akọ, kò ké, jẹ́ẹ́ ló ń bọ̀. Akọ ni wọ́n fẹ́ ká máa pa nígbà ìrúwé, akọ ló sì sábà ń ní irùngbọ̀n, ìdì irun tó ń rọ̀ láyà. Èyí nìkan ni abo tó hù ú lórí òkè wa, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Ezra Tuttle, ọdẹ àdúgbò wa tí kì í fi ẹran ṣeré, máa ń gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ tó bá ti rí i. "Ẹ jẹ́ ó lọ yé jàre," ni yóò wí. Ìwọ ńkọ́? "Màámi, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Irùngbọ̀n ni òfin ní ká wò, mo wò ó, mo rí i." Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ọdẹ! O tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, o fi sìgá sẹ́nu, o ya fọ́tò, o sì fi í sílẹ̀ fún mi láti tún ṣe.

Mo la inú rẹ̀, ọwọ́ mi bá ẹyin. Èèpo rẹ̀ ti le, ó ṣì gbóná. Àwọn kéékèèké tò tẹ̀lé e. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pa ẹran, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan lójú mi, ṣùgbọ́n eléyìí rí mi lára, ìwọ náà sì rí mi lára lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé ọkọ, kò sí tòlótòló kan lókè yìí. Àwọn àgbà ti pa wọ́n tán. Àpótí ni ìjọba fi kó òmíràn wá, bàbá rẹ sì wà lára àwọn tó ṣí i. Ní báyìí wọ́n tún ti ń dín kù. Tá a bá ń pa ìyá, ta ni yóò yé?

Mo pe aṣọ́gbó. "Màmá, ọmọ yín ò rú òfin kankan," ló wí. Ó dáa. Òfin ti sọ tirẹ̀, èmi ni mo nilẹ̀. Má wulẹ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá ṣọdẹ níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ lè wá jẹun, ṣùgbọ́n fi ìbọn rẹ sílé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó sì fi àánú sí ọ lọ́kàn.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí,
Garnet

Àfikún: Mo gbẹ́lẹ̀, mo sin ẹyẹ náà tìyẹ́tìyẹ́. O mọ̀ pé òfin kò gbà kí èèyàn fi ẹran ìgbẹ́ ṣòfò. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni arúfin.