Ìwé Ara Ilẹ̀kùn Ilé Kalina

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Etídò,
Vidin.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Nevena, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi wà níbí, mò ń jẹ, mò ń mu. Má bínú pé mi ò kọ̀wé láti oṣù keje. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ló lé mi jókòó ti bíírò.

O mọ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wa ní ọ̀rọ̀ sísọ tí ewé bá ti ń wọ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpò, wọ́n á fọwọ́ ba àsálá tàbí elégédé kékeré, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ láìwò ó. Lẹ́yìn náà, a ó to ewé gbígbẹ sórí tábìlì, a ó máa fẹ́ ẹ títí yóò fi já bọ́, kí èémí wọn lè le. Lọ́dún yìí, ọmọ ọdún márùn-ún kan wà láàrin wọn, Kalina, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan láti oṣù karùn-ún tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kú. Etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa, kò sí ohun tó ṣe ahọ́n rẹ̀. Wọ́n ní tí kò bá tíì sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwé àwọn odi ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni á sì máa gbé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ewé fífẹ́ nìkan ló ń bá wa ṣe, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Galya, ìyá rẹ̀, já wọlé bá mi.

"Olùkọ́, kí lẹ ń kọ́ ọmọ mi gan-an? Ojoojúmọ́ ló ń dúró síwájú ilẹ̀kùn, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú ìyá mi! Ẹ̀rù ilé ara mi ń bà mí!"

Ojú ìyá rẹ̀ nínú àwòrán ìwé òkú, èyí tí a fi kéde ikú rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ló ń sọ. O mọ̀ pé a kì í fọwọ́ yọ ìwé òkú lára ilẹ̀kùn. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló ń mú un lọ. Ṣùgbọ́n ti Galya yàtọ̀. Bí ìwé ìrántí ogójì ọjọ́ ṣe ń ṣá, ló fi ti oṣù mẹ́ta bò ó.

Mo lọ síbi ìrántí oṣù mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé. Bí a ṣe ń jẹ àlìkámà bíbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Galya fi ìṣó mẹ́rin kan ìwé tuntun mọ́ ilẹ̀kùn. Kalina wò ó, omijé ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì dún. Ni Penka, àbúrò olóògbé, bá gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Yéè! Èmi ni mo fà á! Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọmọ yìí ń pariwo. Mo ní, 'Pa ẹnu ẹ mọ́, ìyá ẹ àgbà ń sùn. Títí ìwé yìí á fi kúrò lára ilẹ̀kùn, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ẹ!' Mo kàn ń bá ọmọdé wí ni o!"

Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa fẹ́ ẹ títí yóò fi já bọ́.

"Yọ ọ́, Galya," ni mo wí.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló ń fọwọ́ yọ ìwé òkú?"

"Ìṣó ni kó o yọ. Fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ọmọ ẹ."

Ó yọ ìṣó náà níkọ̀ọ̀kan, ìwé náà sì kàn fara ti ilẹ̀kùn. Kalina fẹ́ ẹ. Ìwé náà ṣí, ó já bọ́ sáàrin ewé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ìyá àgbà, mi ò pariwo o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Nevena, gbogbo wa la bú sẹ́kún.

Mo délé, mo bá ìwé òkú Asen ọkọ mi lára ilẹ̀kùn, ọdún kẹta rèé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé láti ọjọ́ tí a ti kàn án mọ́ ibẹ̀, yíyọ́ ni mò ń yọ́ wọlé, mi ò sì kọrin nínú ilé yìí mọ́. Mo dúró, mo fẹ́ ẹ. Kò mì.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Tí o bá ń bọ̀ lásìkò Kérésì, jọ̀ọ́, mú ẹ̀mú dání. Àwa méjèèjì la jọ kan ìṣó yẹn, mi ò lè dá a yọ. Má sì rọra kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,
Stoyanka.