Ẹ Jẹ́ Kí Iná Ọ́ìlì Máa Tàn

Ilé Oyèwọlé,
Òpópónà Ìsọ̀kan,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2024.

Alága,
Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn,
Gáréèjì Ìrẹ̀pọ̀dùn,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÀṢẸ KÍ A FI TÉÈPÙ BO INÁ ỌKỌ̀, ÀTI ÌLÀ ÌKÉRÒ TÍ A LÉ MI KÚRÒ LÓRÍ RẸ̀

1. Èmi Èyítáyọ̀ Oyèwọlé, tí ẹ mọ̀ sí Ìyá Akínlolú, awakọ̀ takisí ní gáréèjì yín, ni mo kọ ìwé yìí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún mi láyè láti máa kérò lọ sí Ìdó-Èkìtì nígbà tí àwọn kan ní kí obìnrin lọ jókòó sílé. N kò gbàgbé oore náà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n wá pariwo ní gáréèjì, ẹ sì mọ̀ pé mo lè pariwo.

2. Lọ́jọ́ ọjà kan nínú oṣù tó kọjá, nítòsí Ìgbolé, iná ọ́ìlì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi, ó pupa fòò. Iná yìí ló máa ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé ọ́ìlì kò lágbára mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ọkọ̀, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì pé. Àmọ́ àwọn èrò ti bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ẹlúyẹmí, àgbẹ̀ oníkòkó, gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, “Ulé ni mo í lọ o, kì í ṣọ̀run,” ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

3. Rẹ́wáyà tí mo pè láti Ìfàkì, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, fi irinṣẹ́ tirẹ̀ wọn agbára ọ́ìlì náà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ròyìn ọ́ìlì fún iná ló bàjẹ́, ìròyìn èké ló ń kó kiri. A pààrọ̀ rẹ̀, iná kú, mo sì gbé àwọn èrò tó kù dé Ìdó láyọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn wá fẹjọ́ mi sùn yín.

4. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí ẹ pàṣẹ pé kí gbogbo wa lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú iná náà, kí èrò má baà rí i kí ó fòyà. Èmi nìkan ni mo kọ̀, ẹ sì lé mi kúrò lórí ìlà. Ní báyìí, adìyẹ ló ń sùn lórí ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ yìí ni a fi ń jẹun, òun ni Akínlolú fi ń lọ sí yunifásítì. Ó dùn mí gan-an, n kò ní purọ́.

5. Ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó bá purọ́, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá bo iná, lọ́jọ́ tó bá sọ òtítọ́, ta ni yóò rí i? Ẹ bi Jùwọ́nlọ, tó kọ́kọ́ lẹ téèpù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, ọ́ìlì jò tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Ìtàpá. Iná tàn lábẹ́ téèpù, kò rí i, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì, ó kú pátápátá. Ọkọ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹ lọ wò ó.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣí àwọn téèpù yìí, kí ẹ má sì fìyà jẹ awakọ̀ tó bá dúró nítorí iná. Ẹ dá mi padà sórí ìlà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbà mí padà, ẹ ṣáà ṣí téèpù.

7. Ó ku ohun kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mo gbé èrò láìgbàṣẹ lọ́dọ̀ yín. Ìdùnnú, ọmọ yín, wà nínú ọkọ̀ Jùwọ́nlọ, ó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ mi wà nílé, ó pè mí lórí fóònù, mo sì sáré lọ gbé e. A débẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín pé ọkọ̀ tí ẹ lé ló gbé òun. Mo gbìyànjú, n kò lè pa á mọ́ra. Ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni awakọ̀ yín tó ń retí èsì,

Èyítáyọ̀ Oyèwọlé (Ìyáàfin),
Awakọ̀ Takisí, Ìkọ̀lé sí Ìdó.