Apá Ẹ̀wù Tí Kò Ní Ẹ̀wù

                                        Ṣọ́ọ̀bù Jùwọ́nlọ Oníkẹ̀kẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Oyè-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Ẹlúyẹmí, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Báwo ni Ìbàdàn? Ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ ní aṣọ rírán ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kó o fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àbí bọ́tìnnì lo ṣì ń gán? Ìyàwó ẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ikùn ti ń yọ. Kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ìyá àgbà wà níbí, ara wọn le ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí n kí ẹ, kí n sì sọ fún ẹ pé ọyẹ́ ọdún yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti èṣí. Òótọ́ ni. Láàárọ̀ báyìí, eyín ń gbá eyín, ètè gbogbo wa ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá tí mi ò lè dá mú mọ́ra. O mọ̀ pé èmi àti ìwé ò bára wa ṣọ̀rẹ́ pẹ́. Àmọ́ tó bá di ká gun kẹ̀kẹ́, ta ló tó mi láti Ìrè títí dé Ìkọ̀lé? Àwọn ará yunifásítì ní ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan níbí. Èmi ni mò ń tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe, ibẹ̀ ni mo gbà tí mo fi ń bá wọn gùn ní Sátidé. Ọ̀gá wọn ni Àǹtí Adérìnsọ́lá, olùkọ́ ni wọ́n níbẹ̀, ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Ẹgbẹ́ yẹn ń lọ díje l'Akúrẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, àyè ẹnìkan ṣoṣo ló sì kù. Èmi àti Emmanuel, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ga bí òpó iná, là ń dù ú. Àǹtí ní ká jọ gùn láti Oyè gba Ìfàkì lọ sí Ìdó, ká tún padà, àwọn á fojú ara àwọn yan ẹni tó kàn. Ọ̀rẹ́, mo fẹ́ àyè yẹn gan-an. Látìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kò síbì kan tí wọ́n tún ti pe orúkọ mi àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ní nǹkan kan tí mi ò ní. Apá ẹ̀wù ni, ó lọ láti ọrùn ọwọ́ dé òkè ìgúnpá, kò wá sí ẹ̀wù kankan níbẹ̀. Apá lásán! Wọ́n á wọ̀ ọ́ láàárọ̀ torí ọyẹ́. Tí oòrùn bá mú, wọ́n á bọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n á kì í sápò ẹ̀yìn. Mo ní èmi náà gbọ́dọ̀ ní in.

Mo lọ bá Ìyá Peace tó ń ta ọ̀kírìkà n'Íkọ̀lé. Wọ́n wo apá mi, wọ́n fa èyí tó kéré jù yọ. Wọ́n ní, "Gba èyí. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹran ara, kí rọ́bà ẹnu ẹ̀ di òkè apá mú." Inú bí mi. Mo ká apá, mo ní, "Ìyá, ẹ wo iṣan yìí kẹ̀!" Wọ́n ní, "Iṣan ni? Mo rò pé ẹ̀fọn ló jẹ ọ́." Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ni mo mú.

Láàárọ̀ àná, Ìyá àgbà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. O mọ òfin wọn: kò sí ọmọ tó ń jáde nínú "ulé" wọn lásìkò ọyẹ́ kí ara ẹ̀ funfun bí ẹni yí nínú eérú. Wọ́n po òrí mọ́ àdín, wọ́n fi pa mí láti èjìká dé èékánná. Wọ́n ní, "Máa dán, kí wọ́n mọ̀ pé o lẹ́ni." Mo dán. Mo wá wọ apá gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn lé e lórí.

A ò tíì kúrò l'Oyè tán tí ti òsì ti sọ̀ dé ìgúnpá. Mo fà á sókè. Ti ọ̀tún sọ̀. Emmanuel ní, "Jùwọ́nlọ, ṣé kẹ̀kẹ́ lò ń gùn ni àbí aṣọ lò ń sá?" Mo ní kó yáa mójú tó ẹ̀yìn mi dáadáa, torí òun ló máa wò títí dé Ìdó.

Lẹ́yìn Ìfàkì la kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Gbogbo wọn ń fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni apá méjèèjì ti yọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n bo àtẹ́lẹwọ́ àti ìka mi mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ki ewúrẹ́ sí àpò. Mo ń wá bíréèkì, aṣọ ni mò ń fún. Kí n fọwọ́ kan sílẹ̀ ńkọ́? Kòtò ń bẹ lápá ọ̀tún, òmíràn ń bẹ lósì. Mo bá figbe ta: "Ẹ yà o! Ẹ yà fún mi!" Mo fò kọjá Emmanuel. Mo fò kọjá Àǹtí. Obìnrin kan tó ń toko bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, "Jésù, kí ló ń lé e?" Mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù Kẹtàlélógún, mi ò ráyè parí ẹ̀. Tí kì í bá ṣe pé òkè ló tẹ̀ lé e, Ìlọrin ni ǹ bá ti máa kọ lẹ́tà yìí sí ẹ.

Báyìí ni mo ṣe kọ́kọ́ dé Ìdó. Ìgbà tí àwọn yòókù dé, Àǹtí ń pàtẹ́wọ́: "Jùwọ́nlọ! O ò fún bíréèkì lẹ́ẹ̀kan!" Mo ní, "Àǹtí, àwọn tó ń bẹ̀rù ni wọ́n ṣe bíréèkì fún." Àǹtí bá na ọwọ́ láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn yọ̀ bọ́rọ́. Wọ́n tún dì í mú, ó tún yọ̀. Wọ́n gbóòórùn ìka wọn, wọ́n wo apá ẹ̀wù tó sọ̀ wálẹ̀ sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Àdín?" Ṣe ni Emmanuel jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Àǹtí ní, "Ìwọ kọ́ lo sáré yẹn, àdín ló sá a. Tó bá jẹ́ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la fi ń mọ akọni, òkúta náà á gbégbá orókè. Òkè la máa gùn padà. Ibẹ̀ ni mo ti máa yan èèyàn."

Wọ́n tọrọ ọṣẹ lọ́wọ́ olóúnjẹ kan, wọ́n ní kí n fi fọ apá mi. Wọ́n wá yọ apá ẹ̀wù tiwọn tí wọ́n fi pamọ́ sápò. Ẹlúyẹmí, píǹkì ni! Ti obìnrin! Àmọ́ ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wojú àáké. Mo wọ̀ ọ́. Kò fún mi, kò sì tú. Ó wọ abẹ́ apá jẹ́sì mi, rọ́bà ẹ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró, òtútù ò rí ọ̀nà gbà wọlé.

A gbéra. Emmanuel ló ń ṣáájú, mo lẹ̀ mọ́ ọn bí eṣinṣin. Ìgbà tó kù díẹ̀ ká dé Oyè, oòrùn là. Òógùn bo Emmanuel nínú apá ẹ̀wù tiẹ̀, kò sì fẹ́ fọwọ́ sílẹ̀ kó bọ́ ọ. Èmi feyín fa ti ọ̀tún, mo feyín fa ti òsì, mo kì í sápò. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lára. Mo dìde lórí ìjókòó, mo sì kọjá lára ẹ̀ lórí òkè tó kẹ́yìn bí ẹni kọjá òpó iná lóòótọ́.

Àǹtí dé bá wa, wọ́n mí, wọ́n ní, "Jùwọ́nlọ ló ń lọ Akúrẹ́." Ọ̀rẹ́, mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń pè mí ní Àdín báyìí. Ìyá àgbà ní òrí àwọn ló gbé mi dókè, wọ́n ti rọ ìgò kan sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ. Bá mi kí i, kó o kí ọ̀gá ẹ náà. Tó o bá ráyè, wá wò mí l'Akúrẹ́. Àǹtí ní kí n máa mú apá yẹn lò, mo sì máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ torí píǹkì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ lé mi bá ná.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lẹ́gbẹ́,
Jùwọ́nlọ.