Mítà Tí Kò Dúró

Ọ̀fà, 1997

Oyètúndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti mú kí ẹsẹ̀ mi fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ dikódà tẹlifíṣọ̀n tí o fẹ́ rà fún mi ló kù. Bàbá Bíọ́lá, àbúrò bàbá rẹ, gbé irú tirẹ̀ wá. Ó ní, "Ìyá Túndé, kì í jẹ iná rárá!" Ó pa á, ó pa gbogbo iná ilé, síbẹ̀ irin inú mítà iná ń yí bí òkòtó. Mo ní, "Ọkọ mi, ó mà jọ yín o: ẹ ń sùn, ẹ ń jẹun." Ẹrù yẹ̀yẹ́!

Kí a tó sùn, bàbá rẹ máa ń bi mí pé, "Ṣé mítà ti dúró?" Láti ìgbà tí a ti sin ín, mo ṣì ń dá a lóhùn lálaalẹ́ pé ó ti dúró. Bá mi wá dikódà tó ń sinmi tí a bá pa á. Mi ò fẹ́ purọ́ fún un.

Olúwa á ṣọ́ yín.

Ìyá rẹ